Ọjọ́ Ìsinmi Tí N Kò Kúnlẹ̀

Òórùn adìyẹ díndín ló máa ń kọ́kọ́ kí èèyàn káàbọ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Lilburn, ní Amẹ́ríkà níbí, nígbà náà, nítorí ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín àwa àti ilé oúnjẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ebi á ti máa pa wá kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo máa ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní Sunday School níbẹ̀. Ìtàn ni mo kà ní yunifásítì nílé kí n tó dé ibí wá di nọ́ọ̀sì, kíláàsì yẹn nìkan ló sì kù tí mo ti ń rí i lò. Tí mo bá ṣiṣẹ́ títí ní ọsibítù, òun ni mo máa ń fojú sọ́nà fún.

Lọ́jọ́ kan, mo sọ̀rọ̀ àwọn ará England ayé àtijọ́ fún wọn, nígbà tí ọba fúnra rẹ̀ jẹ́ olórí ìjọ. Wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo èèyàn kúnlẹ̀ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa. Àwọn kan ní àwọn ò kúnlẹ̀, kó má lọ dà bíi pé búrẹ́dì ni àwọn ń sìn. Wọ́n gba ìjọ lọ́wọ́ àwọn àlùfáà tó kọ̀, wọ́n sì pe àwọn ọmọ ìjọ tó kọ̀ lẹ́jọ́. Onígbàgbọ́ sì ni gbogbo wọn o. Bàbá kan nínú kíláàsì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Nítorí ìkúnlẹ̀ lásán?"

Mo ní, "Èyí tí wọ́n bá fi tipá gbà kì í ṣe lásán mọ́, sir."

Ọ̀sẹ̀ kejì, olóṣèlú kan wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìdìbò ti sún mọ́lé. Pásítọ̀ gbọ́wọ́ lé e lórí, ó ní Ọlọ́run ti yan ọkùnrin yìí, kí gbogbo wa kúnlẹ̀ láti fi hàn pé a gbà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe àdúrà ló bí mi nínú. Ta ni mi ò lè gbàdúrà fún? Àmọ́ kí n máa fi orúnkún dìbò níwájú Ọlọ́run? Èmi kọ́. Àwọn èèyàn ń lọ sílẹ̀, àga ń dún, mo fọwọ́ méjèèjì di tèmi mú. Ìyá mi, tó wá kí wa láti Ìbàdàn, ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fa aṣọ mi. Mi ò mira.

Pásítọ̀ rí mi. Lẹ́yìn ìsìn, ó bá mi ní parking lot, ó ní bí mi ò bá tọrọ àforíjì níwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, òun á gbé kíláàsì mi fún ẹlòmíì.

Nígbà tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé wa ní Grayson, ìyá mi yíjú sí mi. Ó wá ní, "Ṣé orúnkún ń dùn ẹ́ ni?"

"Rárá, mà." Mo ṣàlàyé fún un.

"Mo ti gbọ́. Àmọ́ má jẹ́ kí pásítọ̀ rò pé ìgbéraga ni. Lọ bá a nílé."

Mo lọ nírọ̀lẹ́ Sátidé. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn ni mo kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, orúnkún méjèèjì, bí wọ́n ṣe tọ́ mi. Ojú rẹ̀ tú ká. Ó ti rò pé ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi. Mo mọ̀ pé wàá ronú."

Mi ò tíì dìde. Mo ní, "Ẹ̀yin ni mo kúnlẹ̀ kí, sir, torí àgbà ni yín. Bí ẹ bá tún mú olóṣèlú wá lọ́la, màá tún jókòó."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Kíláàsì ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ nìyẹn."

"Ẹ ṣé, sir." Ìgbà yẹn ni mo tó dìde.

Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Mo sunkún nínú mọ́tò. Ṣùgbọ́n mi ò fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, torí ṣọ́ọ̀ṣì tèmi náà ni. Nígbà tí ìdìbò mìíràn dé, olóṣèlú mìíràn wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ tún ní ká kúnlẹ̀. Mo jókòó. Mo wo iwájú, mo rí bàbá tó fi mí rẹ́rìn-ín ní kíláàsì lọ́jọ́ yẹn, ó jókòó gbọin, ó káwọ́ gbera. Wọn ò dá kíláàsì padà fún mi títí dòní, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹ̀kọ́ mi ò ṣòfò, àti pé orúnkún mi, èmi ni mo ni ín.