Ẹ̀jẹ̀ Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Lọ Sókè Òkun

Mo rántí ìgbà tí mo fi ojú lásán rí jíìnì, èròjà kíún inú ẹ̀jẹ̀ tí ojú kì í rí. Mo ní ojú lásán! Mo gbé ìgò ẹ̀jẹ̀ sókè sí oòrùn Ìyànà-Ìbà, mo rí i tó jókòó sísàlẹ̀ ìgò, ó sì ṣẹ́jú sí mi. Ìgò fífọ̀ ni iṣẹ́ mi nígbà náà, ní ilé àyẹ̀wò kan tí olùkọ́ yunifásítì ará Èkìtì kan ń darí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n tí mo bá wọ kóòtù funfun, àwọn ará Òkokomáíkò a máa pè mí ní dókítà, èmi náà a sì máa dáhùn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, télọ̀, ló ń ṣàìsàn. Ikùn rẹ̀ wú lápá òsì, ara rẹ̀ sì ń joro. Olùkọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó pè mí.

"Jíìnì kan ló bàjẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Òun ló ń ṣe kiní kan tí à ń pè ní kínéèsì, bíi súìṣì tó ń sọ fún ẹ̀jẹ̀ pé kó máa pọ̀ sí i. Tiwọn ti há, kò kú mọ́."

"Iná tí kì í kú, sà? Ní Ọ̀jọ́ níbí?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí a bá rí oògùn tó máa di súìṣì yẹn nìkan mú, ẹ̀jẹ̀ á rọlẹ̀.

"Ẹ wá a jáde nígbà náà, sà."

"Kí n fi kí ni wá a? Fìríìjì tí ìwọ fi ń tọ́jú ẹja?"

Kò pẹ́, àlejò kan dé láti òkè òkun, tó ń kó irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ fún ìwádìí oògùn. Olùkọ́ túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa: á fi èsì ránṣẹ́, bí oògùn bá sì jáde, ẹ̀gbọ́n mi á wà lára àwọn tó máa kọ́kọ́ lò ó. Ẹ̀gbọ́n mi na apá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó tún gúnyán fún un. Bí mo ṣe fẹ́ béèrè àdírẹ́sì ọkùnrin náà, ẹ̀gbọ́n mi fẹsẹ̀ tẹ̀ mí lábẹ́ tábìlì.

"Àbúrò, ẹni tó bá ti jẹun nílé ẹni, a kì í gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀. Ṣé a pè wọ́n lólè ni?"

Àwọn àgbà ní abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Àwa ò béèrè. Ọ̀wọ̀ dí wa lẹ́nu.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, mo na ara gbalaja síwájú ọkọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà Bàdágírì. Mo fi gẹ̀ẹ́sì ìwé mẹ́fà mi pariwo: "O ò ní kọjá, àfi tó o bá kọ orúkọ ẹni tó ni ẹ̀jẹ̀ yẹn sára ìgò! Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kì í ṣe ẹja dídì!" Dírẹ́bà rẹ̀ rọra yà gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá.

Èsì ò dé. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni ẹ̀gbọ́n mi ń béèrè: "Dókítà onígò, wọ́n ti kọ̀wé?" Màá ní ó wà lọ́nà. Ó kú, aṣọ oníbàárà ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀.

Nísinsìnyí mo ń gbọ́ pé oògùn tó ń di irú súìṣì bẹ́ẹ̀ mú ti wà. Ẹ má ní kí n yọ̀. Inú ń bí mi ni! Bóyá ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́, bóyá wọ́n dà á nù, kò sẹ́ni tó ka àwa sí ẹni tí wọ́n lè sọ fún.

Ti jíìnì tó ṣẹ́jú, ẹ ti mọ̀ pé àpárá ni. Irọ́ tó ń dùn mí ni ti ojú ọ̀nà Bàdágírì. N ò dùbúlẹ̀ síwájú ọkọ̀ kankan. Èmi gan-an ni mo gbé ẹ̀jẹ̀ náà sínú bùùtù ọkọ̀ àlejò náà, tí mo tẹrí ba, tí mo ní: "Ẹ ṣé gan-an, sà. Ọlọ́run á sìn yín délé o."