Agbọ̀n Obì Tí Kò Padà Lófìfo

Àwọn tó ń pe Hàbíbátù ní òpùrọ́ kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ilé kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti tèmi ní Ọ̀fin, èmi ni mo sì kọ́ ọmọ rẹ̀, Kareemat, ní ìwé mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ bó ṣe yẹ kí wọ́n sọ ọ́.

Oníṣòwò obì ni, bí ìyá rẹ̀ àti ìyá ìyá rẹ̀. Bí ó bá ti bó obì tó sì fọ̀ ọ́ tán, á ṣa èyí tí kòkòrò ti lu sọ́tọ̀, á fi ewé tútù tẹ́ inú agbọ̀n, á kó obì sí i, á tún fi ewé bò ó, á wá fi okùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì í ní kókó mẹ́ta. Ọwọ́ òsì ló fi ń ta kókó kẹta. N kò rí ẹlòmíràn tó ń ta á bẹ́ẹ̀ ní gbogbo Ṣàgámù.

Láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí àwọn sójà ti gba ìjọba tí wọn kò gbé e sílẹ̀ mọ́, olórí kan náà la ní: Ọ̀gá Àgbà. Obì funfun ló ń jẹ. Ọdún mẹ́sàn-án ni mọ́tò ìjọba fi ń wá gbé agbọ̀n kan lọ́dọ̀ Hàbíbátù ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, tí wọ́n á sì dá agbọ̀n òfìfo ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá padà. Àwọn aládùúgbò ní ọlá ni. Èmi kò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n mú ọkọ rẹ̀, Mọ́ṣúdù, awakọ̀ tírélà, ní Ògèrè. Ohun tó sọ ní gáréèjì kò ju báyìí lọ: "Ṣé kì í rẹ Ọ̀gá Àgbà yìí ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú àwọn tó rẹ́rìn-ín ló lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Oṣù mẹ́wàá gbáko, Hàbíbátù kò fojú kàn án.

Lẹ́yìn Iléyá ni agbọ̀n kan padà wá tó wúwo. Ó pè mí. "Tíṣà, ẹ wá wo nǹkan."

Kókó mẹ́ta náà wà níbẹ̀ bí ó ṣe ta wọ́n. Ó tú u. Ó dà bíi pé ẹ̀yìn jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n gbé e sí, torí epo rẹ̀ ló ń rùn. Ooru ti sọ obì di dúdú, ewé ti jẹrà, kòkòrò ń rìn lórí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, bákan náà. Ọ̀sẹ̀ kẹta, bákan náà.

"Ọ̀gá Àgbà ti kú," ni Hàbíbátù wí.

"Bóyá ara rẹ̀ ni kò yá."

"Tíṣà! Nígbà tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un pàápàá, òfìfo ni agbọ̀n mi padà."

Rédíò ń sọ ní tirẹ̀ pé ara Ọ̀gá Àgbà le koko. Àwọn méjì ló ń jà sí àga rẹ̀: Kọ́nẹ́ẹ̀lì Owólabí, olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé rẹ̀, àti Ọ̀gágun Olúsànyà, tí àwọn ọmọ ogun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Owólabí ti lé gbogbo alásè àti ìránṣẹ́ ilé kí ọ̀rọ̀ má bàa jáde, ó sì fi sójà rọ́pò wọn. Kò sí ẹni tó sọ fún àwọn sójà pé èèyàn máa ń kó obì kúrò nínú agbọ̀n kó tó dá a padà.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Owólabí fúnra rẹ̀ wá. Mo ń bá Hàbíbátù kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ kẹtàlá nítorí Mọ́ṣúdù lọ́wọ́. Kò kí ẹnikẹ́ni. Orí agbọ̀n obì ló jókòó lé.

"Màmá, ẹ máa sọ lórí rédíò pé Ọ̀gá ṣì ń jẹ obì yín, pé òfìfo ni agbọ̀n ń padà. Wọ́n á gbà yín gbọ́ jù mí lọ."

"Ọkọ mi ńkọ́?"

"Tí ẹ bá ti sọ ọ́, á délé."

"Ẹ kọ́kọ́ mú un wá, sà."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ń bá ìjọba ná ọjà?"

"Òun ni mo mọ̀ ọ́n ṣe, sà. Mi ò kọ́ iṣẹ́ mìíràn."

Ní ọjọ́rú, wọ́n ti Mọ́ṣúdù sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Hàbíbátù wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó wọ mọ́tò wọn, ó lọ sọ ohun tí wọ́n ní kó sọ. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò. Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, Olúsànyà ti fi ìbọn àgbá wó ògiri ilé ìjọba. Owólabí ró ìró ìyàwó rẹ̀, ó sá lọ. Inú fìrísà ẹja ni wọ́n ti bá òkú Ọ̀gá Àgbà, níbi tí wọ́n ká a lẹ́sẹ̀ kò sí kí ìdérí lè pa dé. Ó ti lé ní oṣù kan tó ti kú. Àwọn tó ń pe obì ní ọlá lánàá ló wá ń tutọ́ sílẹ̀ bí Hàbíbátù bá ń kọjá.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mọ́tò náà tún dé. "Màmá, Ọ̀gá tuntun ní kí ẹ máa bá a lọ bí ẹ ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀."

Hàbíbátù ń fi páànù tí wọ́n fi ìṣó lu rin obì lọ́wọ́, bí wọ́n ṣe ń rin ín fún arúgbó. Mọ́ṣúdù ló ń rin ín fún. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni. Wọn kò fi eyín kankan sílẹ̀ fún un.

Ó nu ọwọ́, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀kan nínú agbọ̀n obì jíjẹrà mẹ́ta tó padà wá yẹn ló gbé jáde, kò tíì da wọ́n nù. Ó fi ewé tútù bò ó lójú, ó ta kókó mẹ́ta, ó fi ọwọ́ òsì ta ẹ̀kẹta.

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní òótọ́ sísọ. Mo sún mọ́ ọn.

"Ewé yẹn kò bo ẹ̀gbẹ́ kan dáadáa," ni mo wí.

Ó ti ewé náà bọ inú.