Dráàfù Láàárín Irin Géètì

Mo ti fi ẹ̀yìn yìí gbé ohun tí ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á kò ní gbàgbọ́. Nígbà tí mo wà ní géńdé, mo gbé ẹ́ńjìnnì lọ́rì láti Jíbówú dé Mushin, mo tún dúró lọ́nà ra ẹ̀pà jẹ láìsọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ní Ìwáyà, mo pọn ọ̀nì kan tó ti rẹ̀, mo gbé e padà sínú ọ̀sà, ó sì dúpẹ́. Ẹni tí kò bá gbà, kó lọ bi ọ̀nì náà. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹrù tí mo ti gbé, kò sí èyí tó wúwo tó ọmọ tí ọmọbìnrin mi bí, tí kò ju iṣu kan lọ. Ẹrù yòókù, bó bá rẹ̀ mí, mo lè sọ̀ ọ́. Èyí, bí ìdí rẹ̀ bá ti kan bẹ́ẹ̀dì, ojú á là, ẹnu á là, gbogbo àdúgbò á gbọ́.

Ìyàwó mi ni ìbá máa tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó ọmọ wa ọkùnrin bímọ ní Ìbàdàn, ìyá àgbà sì ti lọ wẹ ọmọ níbẹ̀. Ọkọ ọmọbìnrin mi ń wa bọ́ọ̀sì láti Jíbówú lọ sókè Ọya. Bó bá lọ lónìí, ẹ má retí rẹ̀ lọ́la. Ọmọbìnrin mi fúnra rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì. Ó kọ́kọ́ gbé ọmọ náà sí kíréèṣì. Kíréèṣì ń fowó lé owó títí ó fi jẹ́ pé ọwọ́ ọ̀tún ló fi ń gba owó oṣù, ọwọ́ òsì ló fi ń kó o fún wọn. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àǹtí kan tó ń bá èèyàn tọ́jú ọmọ nílé. Àwọn ọmọ pọ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo débi pé aṣọ tí tiwa wọ̀ lọ kọ́ ló ń wọ̀ bọ̀. Nínú gbígbé ọmọ kiri yìí, ó ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ọ̀gá wọn wá sọ fún un pé bó bá tún pẹ́, tàbí bó bá tún fi iṣẹ́ sílẹ̀ sáré wálé lọ́sàn-án, kó kúkú máa jókòó sílé. Ló bá kúnlẹ̀ síwájú mi.

"Bàbá, ẹ ṣáà bá mi mú un títí màámi á fi dé."

Mo ní, "Ṣé ọmọ lo fẹ́ kí n mú, àbí ẹ̀wọ̀n lò ń rán mi lọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rò pé àwàdà ni mò ń ṣe.

Ilé wa kọjú sí títì gan-an. Géètì onírin ló wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa, kíṣìnnì tí gbogbo ilé jọ ń lò sì wà lẹ́yìnkùlé. Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìrìn. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kanlẹ̀, ọ̀nà títì ló ń dorí kọ. Nítorí náà, bí ìyá rẹ̀ bá ti jáde, màá fi àgádágodo ti géètì látinú, ó di ìrọ̀lẹ́.

Ohun tó ń dá mi lóró jù ni fèrèsé. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń wo àwọn ọ̀rẹ́ mi ní òdìkejì títì, níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀, tí wọ́n ń ta dráàfù. Àga mi wà níbẹ̀. Wọ́n ti jẹ́ kí ẹlòmíì jókòó lé e. Bí wọ́n bá rí mi tí mo fi ìró ìyàwó mi pọn ọmọ, télọ̀ á ké sí mi pé, "Ìyá ìkókó, ẹ kú ọwọ́ lómi o." Òmíràn á ní, "Ṣé ọmú ń sun dáadáa?" Màá ní ó ń sun, kí wọ́n gbé ife wá.

Ní ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ọmọ ń ké, mo pọ̀n ọ́n, mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ géètì kó máa fi ṣeré. Mo dúró sójú fèrèsé. Mo rí i tí télọ̀ fẹ́ gbé ọmọ dráàfù kan síbi tí wọ́n á ti jẹ ẹ́ ràì. Mo fi orí kọ́ irin fèrèsé, mo pariwo pé kó má gbé e. Ibi tí mo ti ń gba télọ̀ là ni ọmọ ti ju kọ́kọ́rọ́ síta láti ẹ̀yìn mi. Ó bọ́ sínú gọ́tà. Mo gbọ́ ọ, tóbó.

Mo ní, "Ẹ gbà mí o, kọ́kọ́rọ́ ti bọ́ sí gọ́tà, a ti há mọ́lé."

Télọ̀ ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ọ̀nì tó o pọ̀n ńkọ́? Ní kó bá ọ wá a."

Mi ò lè bá wọn jà. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, mo ti parọ́ fún wọn pé ejò wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí n ṣáà lè rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé igi wá, wọ́n bá mi níbi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín.

Àwọn ará ilé yòókù ti lọ síbi iṣẹ́. Ògì ọmọ wà lọ́dọ̀ wa, iná tí a ó fi sè é wà lẹ́yìnkùlé. Ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọmọ. Bó ṣe ń ké ni fóònù dún. Ọmọbìnrin mi ni. Ìgbà tí wọ́n bá jáde lọ jẹun ló máa ń pè. Òun náà ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Bí mo bá sọ òótọ́ fún un, á sáré wálé, iṣẹ́ sì ti bọ́ nìyẹn. Bó bá sì gbọ́ ẹkún yìí, á sáré wálé náà ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè fò sílẹ̀. Ọmọ dákẹ́, ẹnu yà á, mo wá gbé fóònù.

"Bàbá, ṣé ó ti jẹun?"

"Ó ti jẹ, ó ti yó, ó tiẹ̀ gùnfẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ̀ ń mí báyìí?"

"Mò ń fọ aṣọ ni."

"Ẹ̀yin? Aṣọ?"

"Ṣé mi ò lọ́wọ́ ni?"

"Bàbá, ṣé kò sí nǹkan?"

Irọ́ tí mo ti ń pa láti kékeré, ẹ̀rín ni mo fi ń wá. Eléyìí wúwo lẹ́nu mi. Mo ní, "Kò sí nǹkan. Padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ."

Mi ò lè dúró; bí mo bá dúró, ọmọ á ké. Mo ń fò lọ. Àwọn tọ̀hún rí bàbá arúgbó tó ń jó lójú fèrèsé láìsí orin, télọ̀ sì dá títì kọjá kó lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Ó wọlé, ó dé ẹnu géètì. Ó rí àgádágodo. Ó rí omijé lójú ọmọ.

Ó ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé òótọ́ lo sọ lónìí?"

"Ọmọ ò tíì jẹun."

Ó pe ìyàwó rẹ̀, ìyẹn se ògì, wọ́n nawọ́ ife sí mi láàárín irin. Wọ́n fi ọ̀pá wa gọ́tà. Bàtà ẹsẹ̀ kan ni wọ́n rí, àti ṣíbí. Wọ́n pe wẹ́dà kan, ìyẹn ní kò sí iná mànàmáná tí òun máa fi gé irin. Wọ́n bá gbé pátákó dráàfù wá sí kọ́rídọ̀, wọ́n jókòó síta, èmi jókòó sínú, mò ń na ọwọ́ gba àárín irin gbé ọmọ dráàfù, ọmọ ènìyàn wà lẹ́yìn mi.

Báyìí ni ọmọbìnrin mi ṣe bá wa ní ìrọ̀lẹ́. Ó wo àwọn àgbàlagbà tó dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó wo géètì, ó wò mí.

Ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ bá wa fọ aṣọ."

Ó ṣí géètì. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ń rùn bíi ṣúgà. "Bàbá, ṣé kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni?"

Mo wo òdìkejì títì, àga mi ṣófo. "Bẹ́ẹ̀ ni" ló wà lẹ́nu mi. Mo ní kó má pẹ́ láàárọ̀ ọ̀la.

Ó pe ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn. Ìyá àgbà ní òun ò tíì lè wálé, ọmọ ọ̀hún ò tíì jókòó, ìyá ẹ̀ sì ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ọmọbìnrin mi gé kọ́kọ́rọ́ tuntun, ó fi okùn bọ̀ ọ́, ó fi kọ́ mi lọ́rùn bí ọmọ iléèwé. Ó ṣì wà lọ́rùn mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo dúró, ìwé wà lórí fíríìjì, ọmọ ń sùn lẹ́yìn mi. Kọ́rídọ̀ móoru jù fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, wọ́n ti padà síwájú ṣọ́ọ̀bù. Mo lè ṣí géètì nígbà tó bá wù mí. Mò ń wo télọ̀ láti ojú fèrèsé. Ó tún fẹ́ gbé ọmọ dráàfù síbi tí kò yẹ. Mi ò lè pariwo. Ọmọ á jí.