Ìdìmú Méjì Lábẹ́ Aṣọ

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni ẹ fẹ́ kó borí?"

Mo wà ní JSS1 nígbà tí mo bi Bàbá Gbémiga ní ìbéèrè yìí. Ó ti pẹ́ tí ó ti wà nínú mi kí n tó lè sọ ọ́ jáde, torí ẹnu mi kì í yá níwájú àgbà. Bàbá gbé ojú kúrò lára irin tó ń rẹ́, ó wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ìbùkún, bá mi mú ẹ̀mú yẹn wá."

Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Reuben Akínkúnmi. Ọmọ Òǹdó ni, ṣùgbọ́n Àkúrẹ́ ló ń gbé láti ìgbà tí ìjọba ti gbà á síṣẹ́. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní àdúgbò Ìjàpọ̀, ó ń tún maṣíìnì ìránṣọ ṣe níbẹ̀. Ìyẹn ni àwọn télọ̀ mọ̀ ọ́n sí. Iṣẹ́ rẹ̀ kejì ló ń gbé èmi lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé: ó ń ṣe ìdìmú, wáyà àti irin tí wọ́n fi ń darí ọkọ̀ òfuurufú kéékèèké, irú èyí tí àwọn èèyàn fi ń sáré ìje.

Ẹni tí kò bá rí i rí lè pè é ní ohun ìṣeré lásán. Ìyẹ́ rẹ̀ kò gùn ju apá mi lọ, ṣùgbọ́n ó ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, igbe rẹ̀ sì ń dun etí. Kò sí ohun kan tí wọ́n ń tẹ̀ láti òkèèrè. Wáyà irin tín-ín-rín méjì ló so ó mọ́ ìdìmú tó wà lọ́wọ́ awakọ̀. Awakọ̀ á dúró láàárín pápá, ọkọ̀ á máa fò yí i ká. Tó bá yí ìdìmú sókè, imú ọkọ̀ á gbé sókè. Tó bá yí i sísàlẹ̀, ọkọ̀ á máa bọ̀ wá sílẹ̀.

Báwo ni wáyà lásán ṣe ń ṣe ìyẹn? Mo fẹ́ mọ̀. Bàbá ṣí inú ìyẹ́ kan hàn mí. Irin pẹlẹbẹ onígun mẹ́ta kan wà níbẹ̀, tó gé lára maṣíìnì àtijọ́, ó sì fi bóòtù dè é láàárín kó lè máa yí. Wáyà méjèèjì so mọ́ igun méjì, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ti igun kẹta lọ sí ìrù ọkọ̀.

"Fà á," ni Bàbá wí.

Mo fa wáyà kan, ìrù náà yí sókè. Mo fa èkejì, ó yí sísàlẹ̀. Mo ń fà á lọ títí Bàbá fi ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀, má jẹ́ kó rẹ̀ ẹ́ kó tó débi ìje."

Òwú pupa ló máa ń wé mọ́ wáyà òkè, èyí tó ń gbé imú ọkọ̀ sókè, níbi ìdìmú àti níbi ìyẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa so ó ní òdì. Kí ìdìmú kan tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, á gbé e kọ́ ẹ̀ka igi káṣú ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, á so báàkẹ́ẹ̀tì iyanrìn tútù mọ́ wáyà rẹ̀, á wá lọ jẹun. Bí ó bá jẹun tán tí wáyà kò yọ, ó yege nìyẹn.

Lọ́dọọdún, lẹ́yìn Àjíǹde, Òǹdó àti Àkúrẹ́ máa ń jọ sáré. Ìdìmú Bàbá ni ìlú méjèèjì ń lò. Gbémiga ọmọ rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́ ní Òǹdó, ni awakọ̀ Òǹdó. Adélaní, ọmọ àdúgbò wa, ni ti Àkúrẹ́. Nítorí náà, Bàbá ní àṣà kan. Ní òwúrọ̀ ìje, á kó ìdìmú méjèèjì pẹ̀lú wáyà wọn sórí tábìlì, á fi aṣọ búlúù kan bò wọ́n. Awakọ̀ kọ̀ọ̀kan á ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, á mú èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà.

"Bàbá, ẹ má gbàgbé o, omi Àkúrẹ́ lẹ ń mu," ni Adélaní máa ń wí.

Gbémiga á ní, "Bàbá mi ni. Lọ wá tìrẹ."

Ní ọdún tí mo wà ní JSS1 yẹn, pápá ilé ìwé kan ní Òǹdó ni wọ́n ti sáré. Gbémiga ló kọ́kọ́ mú ìdìmú. Ó kánjú so wáyà mọ́ ọkọ̀ rẹ̀, wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ náà sì kúrò nílẹ̀. Gbémiga yí ìdìmú sókè. Dípò kí ọkọ̀ gòkè, ńṣe ló dojú bolẹ̀, tó fọ́ yángá.

Àwọn ará Àkúrẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan láàárín àwọn ará Òǹdó pariwo pé, "Reuben, Àkúrẹ́ ti gbà ọ́ lọ́wọ́ wa pátápátá!"

Bàbá lọ gbé ọkọ̀ náà. Mo tẹ̀ lé e, mo sì rí i: níbi ìyẹ́, ìsàlẹ̀ ni wáyà olówùú pupa wà.

"Gbémiga, o so ó ní òdì."

"Èmi? Bàbá, ẹ sọ òótọ́. Ẹ ti di ará Àkúrẹ́. Èyí tó dáa lẹ jẹ́ kí Adélaní mú."

"Ìwọ lo kọ́kọ́ mú."

"Ẹ mọ ibi tí ọwọ́ mi máa lọ!"

Bàbá tú wáyà náà kúrò lára ọkọ̀, ó ká a. Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà sí Àkúrẹ́, ó gbé wáyà náà lé ẹsẹ̀ títí a fi délé.

Láti ọjọ́ náà, Gbémiga kò wá sí Ìjàpọ̀ mọ́. Ó ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, àmọ́ bí ìyá bá ní, "Bàbá rẹ rèé," fóònù á já. Awakọ̀ mìíràn ló ń fò fún Òǹdó. Bàbá kò dáwọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dúró, kò sì jẹ́ ṣe ìje láìsí aṣọ búlúù yẹn. Ṣùgbọ́n ní gbogbo Sátidé, ó ń gbé àga méjì síta. Bí mo bá fẹ́ jókòó sórí èkejì, á ní kí n jókòó sórí àpótí.

Ní báyìí mo ti wà ní SS3. Lẹ́yìn Àjíǹde tó kọjá yìí, a wà níta ṣọ́ọ̀bù nígbà tí Gbémiga sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó gbé àpò kan dání. Ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá kí i bí ẹni pé àná ló lọ. Gbémiga kó ọkọ̀ òfuurufú tó ti fọ́ jáde nínú àpò náà.

"Ọmọ ilé ìwé kan tí mò ń kọ́ ló so wáyà rẹ̀," ni ó wí. "Mo dúró tì í, mò ń wò ó, èmi náà ò rí i àfi ìgbà tó wọlẹ̀." Ó fi ìka kan òwú pupa náà nísàlẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ ni tèmi ṣe rí lọ́jọ́ yẹn, Bàbá."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò pè mí."

"Mo pè ọ́. O ò gbé e."

Gbémiga rẹ́rìn-ín, ó jókòó sórí àga kejì. Síbẹ̀, ó ń wo Bàbá, ó ń wo ilẹ̀, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kan ṣì há sí lẹ́nu. Mo mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ ibi tí mo ti rí ìgboyà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohùn ara mi.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ta ni ẹ fẹ́ kó máa borí?"

Gbémiga gbójú sókè kíá.

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi ẹ̀wù nù ún. Ọmọ rẹ̀ ló ń wò, kì í ṣe èmi.

"Òǹdó," ni ó wí. "Lọ́dọọdún. Àbí ìwọ rò pé nítorí Adélaní ni mo ṣe ń fi aṣọ bò wọ́n? Tí mo bá mọ èyí tó máa bọ́ sí ọ lọ́wọ́ nígbà tí mo ń ṣe wọ́n, mi ò ní lè ṣe èkejì dáadáa."