Ọjọ́ Tí Àwọn Ìyá Gbe Ewì Fúnmi

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, iná lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Akobo. Ògiri tí wọ́n ń tan ọ̀rọ̀ orin sí ṣókùnkùn, gbogbo wa sì dákẹ́ láàárín ẹsẹ kejì. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló gbé mi padà sí ìjọ Onítẹ̀bọmi wa ní Agbowó, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Ìwé orin kò kárí nígbà náà, ọ̀pọ̀ àwọn ìyá àgbà tó wá láti Ṣakí kò sì mọ̀wé. Nítorí náà, Tíṣà wa nílé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi á ka ìlà kan, ìjọ á kọ ọ́. Á ka òmíràn, wọ́n á tún kọ ọ́. Ẹ̀wà tí a gbé kaná sílé lè jóná kí orin kan tó parí.

Tíṣà yìí kan náà, bàbá arúgbó kan, máa ń túmọ̀ ewì àwọn Kristẹni àtijọ́ sí Yorùbá, àwọn tí wọ́n ti ń kọ láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń jọ́sìn níkọ̀kọ̀ títí dé ayé àwọn baba wa. Nígbà tí àjọ̀dún àwọn ọmọdé kù dẹ̀dẹ̀, ó fún ọ̀rẹ́ mi, Fúnmi, ní èyí tó gùn jù, ìlà méjìlá, kó kà á láìwòwé níwájú ìjọ. Akólòlò ni Fúnmi.

"Kó o tó dé Àmín," làwọn ọmọkùnrin ń wí, "ọbẹ̀ á ti kan!"

Ìyá rẹ̀ bẹ Tíṣà: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún ẹlòmíì. Wọ́n á fi ọmọ mi ṣẹ̀sín."

"Òun ló tọrọ ẹ̀, Ìyá Fúnmi. Ó ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ parí lójú èèyàn, ẹ̀ẹ̀kan péré."

Mo rò nígbà yẹn pé ẹ̀rù ìyá náà pọ̀ jù. Mo ti bímọ báyìí. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ àjọ̀dún náà, ìlà kìíní já geere. Ìkejì há. Ẹnu Fúnmi là, ohùn kò jáde. Ìyá àgbà kan níwájú, tó ṣebí orin ni wọ́n ń kà fún ìjọ, bá gbé ìlà kìíní lórin, ní ohùn tí òun nìkan mọ̀. Àwọn ìyá yòókù gbè é. Kí wọ́n tó parí, Fúnmi ti mí kanlẹ̀, ó sì ka ìlà kejì. Wọ́n kọ ìyẹn náà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n jọ rìn ín dé ìlà kejìlá, Tíṣà sì fi ìwé bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ọmọ yìí mọ orin í kà o," ni ìyá àgbà náà wí lẹ́yìn ìsìn. "Kì í sáré bíi tíṣà wọn."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ bàbá Fúnmi gbé wọn lọ sí Ìlọrin. Mi ò rí Fúnmi mọ́. Tíṣà ti kú, ìwé rẹ̀ ti sọnù, kò sì sẹ́ni tó ń ka orin fún ìjọ mọ́. Ìlà méjèèjìlá ṣì wà lórí mi pérépéré, ṣùgbọ́n mi ò lè kà wọ́n lásán. Àfi kí n kọ wọ́n lórin.