Láwàní tí Àfáà Fi Sílẹ̀

Ẹ bá mi dúpẹ́ lórí ibà tó mú Rokibat. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kò dùn-ún gbọ́, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Ayàwòrán ni Rokibat, a jọ ń gbé ilé kan náà ní Tanke. Ènìyàn ló máa ń yà, gbogbo wọn dúdú bíi kóró iṣin, wọn á dijú bí ẹni tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nínú ọkàn. Bàbá rẹ̀, Àfáà Abdulraheem, ní ilé-kéú ní Ìpàtà. Ó ti ní yíya àwòrán ènìyàn kò bá ẹ̀sìn mu, pé ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ ilé tí irú rẹ̀ bá wà. Ọmọ kò fi iṣẹ́ sílẹ̀, bàbá kò sì wá. Olórí kunkun ni àwọn méjèèjì.

Nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀, èmi ni mo pe bàbá. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mo pè é.

Ó dé nígbà ìrun Alásárì. Yàrá kan ṣoṣo ló wà, a kì í sì í kọjú sí àwòrán kírun, ni mo bá sáré dojú gbogbo pákó tí Rokibat ya àwòrán sí kọ ògiri. Ó ń ṣẹ́jú sí mi láti orí bẹ́ẹ̀dì, mo rò pé ibà ni. Mi ò mọ̀ pé ó ti ya nǹkan sí ẹ̀yìn ọ̀kan nínú wọn.

Àfáà gbọ́wọ́ sókè láti kábárà kó lè bẹ̀rẹ̀ ìrun, ló bá rí olóògbé ìyàwó rẹ̀, ìyá Rokibat, lára ẹ̀yìn pákó kan níwájú rẹ̀. Asabe, tí àwọn èèyàn ní kó máa fi kírímù bó ara tó kọ̀ jálẹ̀, jókòó nínú dúdú rẹ̀ tó ń dán, ó tẹ́wọ́ àdúà.

Ọwọ́ Àfáà wálẹ̀. Mo ní ó parí.

"Bàbá, ẹ forí jì mí," ni Rokibat wí, ó ń sunkún.

 Bàbá tú láwàní orí rẹ̀, ó rọra fi bo àwòrán náà, ó sì kírun. Nígbà tó kírun tán, òun fúnra rẹ̀ ló ṣí i.

"Bó ṣe máa ń tẹ́wọ́ nìyí," ló wí. "Ọwọ́ òsì á ga díẹ̀. Mo ti ń gbàgbé, Rókí."

Ó ṣàdúà fún ìyá, ó ṣàdúà fún ọmọ. Alihamudulilahi! Omijé ni mo fi ń ṣàmín.

Nígbà tó jáde láìwé láwàní, mo sáré gbé e tẹ̀lé e.

"Dá a padà síbẹ̀," ni Àfáà wí. "Bí mo bá wá lọ́la, n ó tún kírun."