Omi Méjì fún Eyín Ẹ̀gbẹ́ Èjí Mi

Kò sí ohun tí ìyá mi fẹ́ràn lára mi tó èjí mi. Ní Ifangni, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí Dàhòmì gba òmìnira, bí wọ́n bá ń júwe mi fún àlejò, "ọmọ eléjìí yẹn" ni wọ́n ń wí, wọn kì í dárúkọ mi. Nítorí náà, nígbà tí eyín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjí náà jẹrà, tí ètè mi sì wú, àyà wa já. Bí wọ́n bá yọ ọ́, èjí ti di fèrèsé nìyẹn.

Oníṣègùn eyín kan ní Àjàṣẹ́ ní òun yóò kọ́kọ́ gbìyànjú láti gbà á là. Ó lu ihò sí eyín náà, ọ̀yún tú jáde, ó wá fi abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ kò mú fín omi kan sínú gbòǹgbò rẹ̀. Omi náà ń hó bí ọṣẹ. Ó fi òwú fẹ́lẹ́ bo ihò náà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Ta ló máa sọ ìyẹn fún ìyá mi? Aáṣáà ni wọ́n fi ń wo eyín nílé wọn. Bí a ṣe délé ló yọ òwú, ó sì fi aáṣáà dí ihò náà pinpin. Ní ọjọ́ kejì, ètè mi wú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Inú bí mi débi pé n kò kí i láàárọ̀.

A padà lọ. Oníṣègùn wo ẹnu mi, ó mirí.

"Maman, ọ̀nà tí ọ̀yún ń gbà jáde lẹ dí pa. Omi tó ń hó yẹn, ìdọ̀tí ló ń gbé jáde, agbára rẹ̀ kò ká èyí mọ́. Màá fi omi jafẹ́lì tí mo bomi là fọ̀ ọ́, òun ló ń pa kòkòrò. Bí òwú bá ṣì ń rùn nígbà tí ẹ bá padà wá, màá yọ eyín yìí."

"Jafẹ́lì tí a fi ń fọ aṣọ kó lè funfun? Dókítà, ṣé aṣọ lọmọ mi ni?"

"Ẹ ṣáà má fi aáṣáà sí i mọ́, maman."

Oníṣègùn fọ̀ ọ́, ó sì fi òwú tuntun bò ó. Lọ́tẹ̀ yìí, ìyá mi ò tilẹ̀ wo ẹnu mi nílé. Nígbà tí a padà débẹ̀, oníṣègùn fa òwú jáde, ó gbóòórùn rẹ̀, ó nà án sí ìyá mi. Ìyá mi gbé e símú, ó tún gbé e símú.

"Kò rùn," ló wí, ó sì bú sẹ́kún.

Ara tù mí pẹ̀sẹ̀. Ẹ̀rín gbà mí lẹ́nu, oníṣègùn ń bẹ̀ mí pé kí n dúró jẹ́ẹ́ kí òun lè dí eyín náà. Ìyá mi dá a dúró.

"Ẹ jẹ́ kó rẹ́rìn-ín ná, dókítà. Ẹ jẹ́ n rí èjí mi."